Ẹ rántí ẹni kẹta: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe lápútọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń ṣe lápútọ́ọ̀pù, ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ti Ṣáínà, ẹ̀yin ti Taiwan àti Japan, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú, níbi tí mo ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó àti báńà ọjọ́ ìbí. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi nìyẹn. Ohun tó ń jẹ owó mi ni kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá ló wà nílé báyìí: mẹ́fà ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, méjì yòókù ni mò ń yọ ẹ̀yà ara wọn fún àwọn tó kù. Ìyàwó mi ní lápútọ́ọ̀pù ti pọ̀ ju ìkòkò lọ nílé òun. Kò parọ́ mọ́ mi.

Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi dé láti Kánádà nítorí ìsìnkú kan ní Ọ̀wọ̀, ó gbé ẹ̀rọ kan lé mi lọ́wọ́ tí kò tíì lò ó pé oṣù mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lò ó wò. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rà á lọ́wọ́ mi kí n tó padà." Ṣé ẹ rò pé mo sùn lóru ọjọ́ yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà lò lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo sì rí nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló mú mi kọ̀wé. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Púpọ̀ nínú yín ló ń ṣe irú rẹ̀; bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, àwọn tó kù á jókòó máa rẹ́rìn-ín.

Ká má parọ́, ẹ ti ṣiṣẹ́. Kílò kan àti díẹ̀ ni. Mo gbé e láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró lójú ọ̀nà láti tú báàgì wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ní 1981, ọdún tí wọ́n dá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wa, sílẹ̀ níbí, ni Osborne 1 jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé rìn ni. Ó wúwo tó kílò mọ́kànlá, ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì márùn-ún lọ, kò sì ní bátìrì nínú. Ẹni tó bá gbé ìyẹn láti Ọjà Ọba dé géètì FUTA, òun fúnra rẹ̀ la máa gbé padà.

Ojú ẹ̀rọ náà ńkọ́? OLED ni, irú ojú tí ibi tó bá dúdú kì í tan iná rárá. Dúdú inú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Màmá olóògbé kan wà tí mo ti ń wo fọ́tò wọn lórí ẹ̀rọ mi láti ọjọ́ mẹ́ta, léèsì pupa ni mo mọ̀ pé wọ́n wọ̀. Mo ṣí fọ́tò náà lórí èyí, àwọ̀ ọtí wáìnì ni mo bá níbẹ̀. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ tí àwọn rà fún ọdún àádọ́rin wọn ni, wáìnì ni. Mo tún gbogbo ìwé náà ṣe kí ó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé.

Fáànù wà nínú rẹ̀, àmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo gbé etí lé e, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo gbọ́. Bátìrì rẹ̀ ló wá jẹ́ kí n fọwọ́ lérán. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni mo yọ ṣájà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú iná lọ. Mo ṣiṣẹ́ títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi lù, ó ṣì ku ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọṣẹ́ mi, tó máa ń gbé gálọ́ọ̀nù lọ ra epo lọ́sàn-án, wá dúró sí ẹnu ọ̀nà: "Ọ̀gá, ṣé ara yín le? Ẹ ò tíì rán mi ní epo láti àárọ̀." Láti oṣù Kọkànlá 2020 tí Apple ti gbé M1, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fúnra wọn, jáde ni gbogbo yín ti ń sáré kí ẹ̀rọ yín má jẹ iná púpọ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ lè rò pé eré lásán ni. Ẹ bá wa kí gbogbo àwọn tó sá a.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà dé. Iṣẹ́ ìwé ìsìnkú kan wọlé, ojú-ewé mẹ́rìnlélógójì. Ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé bí, kálukú wọn sì fẹ́ kí fọ́tò ìdílé tirẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Mo ṣí CorelDRAW, mo ṣí Photoshop, WhatsApp náà wà ní ṣíṣí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da fọ́tò lé mi lórí. Ẹ̀rọ tó ń fò bí àṣá lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo bá tẹ fọ́tò kan, mo lè lọ bu omi mu kí n padà kó tó hàn. Mo yẹ inú rẹ̀ wò: RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 8GB ni, ó ti kún dé ẹnu. Inú mi dùn pàápàá. Ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀? A máa fi RAM kún un ni.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà Adésìdá, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀ńjíníà. Wọ́n ti lo bí ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ káàkiri bí ìyá tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. "Síkírúù méje ni mo rí yìí. Kò lè jẹ́ méje." Wọ́n gbé dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná rẹ̀ sí rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá fi èékánná ká rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó èèpo iyán gbígbẹ. Síkírúù méjì ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi káàdì ATM àtijọ́ kan fà yí etí rẹ̀ ká, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, mo sì ń ka gbogbo rẹ̀ torí pé ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni.

Ìdí rẹ̀ ṣí. Ẹ̀ńjíníà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, wọ́n ní kí n wá wo. Bátìrì lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ náà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Níbi tó yẹ kí ojú ihò tí à ń ki RAM sí wà, ègé dúdú mẹ́rin ló tò síbẹ̀, wọ́n ti fi òjé jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù.

"Àbúrò, kò ṣeé fi kún. 8GB ni wọ́n bí i, 8GB náà ni yóò kú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ọ̀nà kankan ni?"

"Ọ̀nà wà. Lọ ra òmíràn."

Wọ́n dè é padà, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Rọ́bà ẹsẹ̀ yẹn kò lẹ̀ dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mi ò bínú nítorí 8GB. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹ bá jókòó láti ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹni àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa ń rò. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ra ẹ̀rọ náà ní tuntun, tó ń lò ó ní ọ́fíìsì tútù, tí yóò sì gba òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò fìgbà kan nílò síkírúù. Ẹ̀rọ náà kò sì kú lọ́jọ́ tó bá fi í sílẹ̀. Yóò bọ́ sínú àpótí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Jámánì, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò gúnlẹ̀ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ oyè: tòkunbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan á rà á, á fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Bó bá gboyè tán, á tà á fún ẹni bíi tèmi. Èmi ni ẹni kẹta. Ọ̀dọ̀ mi ni bátìrì máa ń kú sí. Ọ̀dọ̀ mi ni RAM máa ń kéré sí, torí pé sọ́fúwíà ń sanra lọ́dọọdún. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ máa ń da zobo sí kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ohun tí ẹ fi òjé jó àti gbogbo ohun tí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, èmi lẹ lẹ̀ ẹ́ dè.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí hàn yín. ThinkPad T480 ni, ti 2018, tòkunbọ̀. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan wà nínú, èkejì wà lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yìí, ẹ kàn máa fi ìka méjì ti nǹkan kékeré méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yọ síta. Ẹ lè yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí ti inú ni yóò gbé e dúró títí ẹ ó fi ki òmíràn bọ̀ ọ́. Mo ní méjì tí mò ń ki síbẹ̀. Bí iná bá dé lóru, mo ti ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ kó máa gba agbára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo lè jí fi èkejì rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí oníbàárà wà lórí àga níwájú mi, mo kàn máa yọ eléyìí, mo máa ki tọ̀hún. Oníbàárà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ihò RAM méjì wà nínú rẹ̀. 8GB ni nígbà tí mo rà á, 32GB ni báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi kún un, nígbà tí owó bá wà. USB-C ló fi ń gba iná, nítorí náà ṣájà rẹ̀ ló tún ń gba fóònù ìyàwó mi là.

Mi ò sọ pé kò lálèébù. Ó wúwo ju ti Kánádà lọ, ojú rẹ̀ ṣú bí ojú ọjọ́ ọyẹ́, léèsì wáìnì ló ń pè ní pupa. Lẹ́tà E àti A ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gba ọwọ́ ẹni méjì kọjá kó tó kàn mí, kò sì tíì sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ tí Ẹ̀ńjíníà ò rí ṣe.

Nígbà tí T490 tó tẹ̀ lé e jáde ní 2019, bátìrì ẹ̀yìn ti lọ, ihò RAM sì di ẹyọ kan, wọ́n ti jó èkejì mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ wá wo ìdílé kan náà ní 2024: T14 Gen 5 dé, wọ́n bá àwọn iFixit tó máa ń tú ẹ̀rọ wò fún aráyé ṣiṣẹ́ pọ̀, ihò RAM méjèèjì padà, iFixit sì fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fún bó ṣe rọrùn láti tún ṣe. Àwọn Framework, ilé-iṣẹ́ lápútọ́ọ̀pù kan, ní tiwọn, láti 2021 tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ, ń fi síkírúdíráfà, irin tí à ń fi tú síkírúù, sínú páálí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ ná: ẹ̀yin lẹ ta á, ẹ̀yin lẹ tún fún mi ní irin tí mo máa fi tú u. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé wọ́n ń tàn mí jẹ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní RAM tí ẹ jó mọ́ bọ́ọ̀dù ló sún mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, ojú ọ̀nà àárín wọn kúrú, iná tó ń jẹ kéré, ó sì yára. Òótọ́ ni. Bátìrì ọjọ́ Ẹtì tí mo yìn yẹn, ìyẹn wà lára ohun tó fà á, mi ò sì lè máa jẹ ẹyin kí n máa bú adìyẹ. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, mi ò ní kọ̀wé. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá 2023, JEDEC, ìgbìmọ̀ tó ń gbé ìlànà RAM kalẹ̀ fún gbogbo yín, gbé ìlànà CAMM2 jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní LPCAMM2, irú RAM kékeré tí ẹ ń jó mọ́ bọ́ọ̀dù gan-an náà ni, síkírúù ló kàn dì í mú. Kò jẹ́ àlá mọ́: ní 2024 ni ThinkPad P1 Gen 7 gbé e wọ ọjà. Nítorí náà àwáwí òjé ti ń tán lẹ́nu yín.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló dé tí ẹni tó rà á ò ra 16GB? Ẹni tó rà á ni àbúrò ìyàwó mi, ìméèlì àti fíìmù ló ń fi ṣe, 8GB tó o. Kò sí bó ṣe lè rò ó ní Kánádà pé ìsìnkú olọ́mọ mẹ́sàn-án ń bọ̀ wá bá ẹ̀rọ òun ní Àkúrẹ́. Ẹ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé láti ìparí 2025, tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà AI ti ń gbé RAM ayé mì, owó rẹ̀ ti fò sókè. Ẹni tí kò bá lè ra 32GB lónìí, ẹ jẹ́ kó ra 8GB, kó lè padà wá fi kún un bí owó bá dé. Bí a ṣe ń kọ́lé níbí náà nìyẹn, yàrá kan lọ́dún yìí, yàrá kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tún kù. Bátìrì lithium kórìíra ooru, ó sì kórìíra kí ó kún fọ́fọ́ nínú ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ páànù. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi àtijọ́, mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ibi tí à ń fi ìka fà ti yọ sókè. Bátìrì ti wú lábẹ́ rẹ̀ bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ìyẹn náà. Ẹ̀ńjíníà fi okùn kékeré gé gọ́ọ̀mù náà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí èmi àti ọmọṣẹ́ mi bọ́ síta, bóyá ó máa gbiná. Ìlànà kan wà nínú púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yín tó ń dá bátìrì dúró ní ìdá ọgọ́rin. Ohun rere ni, àmọ́ ẹ fi í pamọ́, àfi ẹni tó bá ń wá a kiri ló lè rí i. Ẹ jẹ́ kó bi wá lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2027, ẹni tó ni nǹkan gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo ṣírò rẹ̀: oore òfin náà á dé Àkúrẹ́ ní nǹkan bí 2031, nínú àpótí tòkunbọ̀. Bí ẹ bá lè rán an sí wa tààrà, a kò ní kọ̀ ọ́.

Ti ṣájà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ 100–240V sí i lára, pé ìwọ̀n iná tó lè gbà nìyẹn. Iná tiwa ò mọ̀wé kà. Ẹ bá wa fi díẹ̀ kún un.

Mo sì rí bọ́tìnnì tuntun lórí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà, bọ́tìnnì Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI, tí Microsoft kéde rẹ̀ ní oṣù Kínní 2024. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ wá íntánẹ́ẹ̀tì wá. Dátà mi ti tán lọ́jọ́ náà. Òun ló mọ́ jù nínú gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rí àyè fún ìyẹn, ẹ ò rí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ, ẹ ò sì rí àyè fún síkírúù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni àbúrò wa wá dágbére. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rà á?" Mo tún wo ojú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, dúdú bíi kóró iṣin. Mo ní, "Máa gbé e lọ." Ìyàwó mi tó wà ní kíṣìnnì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn?" Mo ṣàlàyé rọ́bà ẹsẹ̀ fún ọmọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ó ti gbé e padà sí Kánádà.

Mo ka lẹ́tà yìí fún Ẹ̀ńjíníà kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní agolo mílíìkì kan lórí tábìlì wọn tó kún fún síkírúù, ti gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú láti ogún ọdún. Wọ́n gbọn agolo náà létí mi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ síkírúù ló wọ́n yín, kí n kọ àdírẹ́sì yín wá, àwọn á fún yín nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹni kẹta,
Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́.